Kí Èrè Ẹ̀kọ́ Òkèèrè Lè Délé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù mẹ́ta yìí kan àpò gbogbo wa, ó sì kan àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní òkèèrè ni.

Láyé àtijọ́, bí a bá gbọ́ pé ọmọ ẹnìkan lọ kàwé ní òkèèrè, Ìlú Ọba ni ọkàn wa máa ń lọ. Lónìí, òkèèrè ti di oríṣi méjì fún àwa ará Kìṣí. Èkíní ni ti ìlú àwọn òyìnbó, tí ọmọ ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Èkejì ni ti Orílẹ̀-èdè Benin tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Dàhómì títí di ọdún 1975. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa: bí ẹyẹ bá gbéra ní Kìṣí tí ó sì fò tààrà, yóò dé Parakou kí ó tó lè dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ààlà ìjọba wà láàárín wa. Owó yàtọ̀, òfin yàtọ̀, èdè ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀. Nítorí náà òkèèrè gidi ni, bí ó tilẹ̀ sún mọ́ wa.

A kò bi yín bóyá ó dára kí ọmọ lọ. Ó dára. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí a ń béèrè ni èyí: nígbà tí a bá ti ta iṣu, tí a ti ta àgbàdo, tí a ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, tí àwọn ènìyàn wa sì ti fi orúkọ wọn ṣe onídùúró, kí ni a óò rí gbà padà? Ṣé bébà ni, tàbí ìmọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́? Lójú tiwa, ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni èrè yìí wà. Ó wà nínú ohun tí òbí béèrè kí ọmọ tó lọ, ó wà nínú bí ọmọ ṣe lo ìlú tí ó bá ara rẹ̀, ó sì wà nínú ohun tí ó gbé bọ̀ wálé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2024

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé ìròyìn kan jáde tí ó mi gbogbo ilẹ̀ yìí. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kan ní Kútọnu, láìjókòó ní kíláàsì kankan. Ìwé-ẹ̀rí náà kọjá lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, débi pé akọ̀ròyìn yìí fi í wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun kò ní gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti Benin àti Tógò mọ́ títí ìwádìí yóò fi parí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, sọ fún aráyé pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó lé ní 22,700 ni ó ti gba ayédèrú ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà níbẹ̀, mẹ́jọ péré ni ìjọba wa ní òun mọ̀: márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò. Yunifásítì Abomey-Calavi àti Yunifásítì Parakou wà nínú ti Benin. Yunifásítì Lomé àti ti Kara wà nínú ti Tógò. Àwọn yòókù bọ́ sí ìta.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni oníjìbìtì. Àwọn kan wà tí wọ́n jókòó ní kíláàsì ní tòótọ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí òbí wọn san owó gidi, tí wọ́n sì ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí pàṣán dé, kò ya ẹni tí ó kàwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ra ìwé. Bí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ bá wà lórí irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ìkéde ìjọba kò pa gbèsè rẹ́. Bí ọmọ kò bá ríṣẹ́, tí bàbá kò sì rí owó san, ọ̀dọ̀ onídùúró ni ẹgbẹ́ yóò lọ.

ABÈÈRÈ KÌ Í ṢÌNÀ

Kí òbí tó san kọ́bọ̀ kan, kí ó wá ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ǹjẹ́ ìjọba Nàìjíríà mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà? Kí a má ṣe gba ẹnu aṣojú tí ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri gbọ́, nítorí orí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ti ń jẹun. Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Àbújá ni ó ní ìdáhùn. Ọdún tí ọmọ fẹ́ lọ gan-an ni kí a béèrè, nítorí ohun tí wọ́n gbà ní èṣí lè yí padà.

2. Ǹjẹ́ ìjọba ibẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n? Ní Benin, ìjọba ní ìdánwò àpapọ̀ tí ó ń ṣe fún àwọn tí ó ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní licence, tàbí ti master tí ó tẹ̀ lé e. Kí a béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ṣe ìdánwò yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ pé kò pọn dandan, ẹ fura sí i.

3. Èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ni? Faransé ni wọ́n ń lò ní àwọn yunifásítì ìjọba Benin àti Tógò. Ọmọ tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan kọ́ èdè náà, kí owó ọdún àkọ́kọ́ má baà ṣòfò.

4. Ọdún mélòó ni? Bí ẹnìkan bá sọ pé òun lè sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta di ti oṣù díẹ̀, bébà ni ó ń tà.

5. Irú ìwé ìgbélùú wo ni ọmọ yóò gbà? Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wá láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè tí ó bá wà nínú àjọ náà láìgba físà, kí a sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ẹ̀kọ́ yunifásítì ju 90 ọjọ́ lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìgbélùú, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Kútọnu tàbí ní Lomé.

TI ÌLÚ ÒYÌNBÓ

Ìlú Ọba náà ní òfin tirẹ̀ tí òbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fún master kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ ti ìwádìí. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi hàn pé òun ní gbọ́dọ̀ ti wà ní báǹkì fún 28 ọjọ́ ní pípé. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju 20 wákàtí lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé kí ọmọ ṣáà dé ibẹ̀ ná, pé iṣẹ́ ni yóò fi san owó ilé-ẹ̀kọ́, kò sọ òtítọ́. Owó 20 wákàtí kò tó fún oúnjẹ àti ilé, áńbọ̀sì owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀ràn owó tiwa tún wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní ojú òṣùwọ̀n ìjọba. Nígbà tí ọdún kan fi kọjá, ó ti súnmọ́ ₦1,500. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ 10,000 dọ́là tí à bá fi ₦4,600,000 san, ó di ₦15,000,000. Ilé-ẹ̀kọ́ kò fi dọ́là kan lé e. Náírà tiwa ni ó wó. Ní ọdún 2024, yunifásítì kan wà ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí kò rí owó san lásìkò kúrò nínú ìwé rẹ̀, tí wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹni tí ó ti kàwé dé ìdajì padà wálé láìní ìwé-ẹ̀rí, gbèsè sì dúró dè é.

Ti Benin náà kò yọ sílẹ̀. Owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ni wọ́n so mọ́ owó yúrò àwọn òyìnbó, nǹkan bí 656 sẹ́fà sí yúrò kan. Bí yúrò bá ga sí náírà, sẹ́fà gbọ́dọ̀ bá a ga.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kí òbí má ṣe yáwó fún ọdún àkọ́kọ́ nìkan kí ó wá máa sọ pé Ọlọ́run yóò ṣe é fún èyí tí ó kù. Ọlọ́run ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ náà ni kí a ṣe, kí a sì fi díẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ tí náírà bá tún wó. Bí àpò kò bá gbé e, kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ kọ́kọ́ parí yunifásítì nílé, kí ó tó lọ fún ọdún kan.

Ohun kan tún kù tí a kì í fẹ́ sọ. Ẹ má ṣe sọ ọmọ di báǹkì kí ó tó parí ẹ̀kọ́. Ọmọ tí bàbá ń béèrè owó òrùlé lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ń béèrè owó ọ̀kadà, yóò fi òru ṣiṣẹ́, yóò sì fi ọ̀sán sùn ní kíláàsì. Ìwé-ẹ̀rí tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kò lè lágbára.

NÍGBÀ TÍ ỌMỌ BÁ TI DÉ IBẸ̀

Ẹni tí ó lọ sí òkèèrè tí ó sì ń bá àwọn ará ilé nìkan gbé, ara rẹ̀ nìkan ni ó lọ. Ní Kútọnu, ó ṣeé ṣe fún ọmọ Nàìjíríà láti bá ọmọ Nàìjíríà gbé yàrá, kí ó jẹun ní búkà ọmọ Nàìjíríà, kí ó sì padà wálé láìlè fi Faransé ra iyọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti sọ ìdajì èrè rẹ̀ nù. Ẹ wò ó: Faransé ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀, èyíinì ni Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù. Ọmọ Kìṣí tí ó bá lè fi Faransé kọ lẹ́tà òwò, tí ó sì lè ka ìwé owó ibodè, kò ní wáṣẹ́ pẹ́.

Kí ọmọ má sì ṣe tijú èdè tirẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Kétu, ní Ṣábẹ, àti ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ní Parakou, Ìbàrìbá pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn Ìbàrìbá kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Kìṣí. Ọmọ tí ó bá fi èyí ṣe àkàbà yóò rí ilé tí wọn yóò ti gbà á bí ọmọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ohun tí kò sí nínú ìwé náà kò kéré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba Benin kò gbà kí wọ́n kó èso kajú tútù jáde kúrò nílẹ̀ wọn mọ́. Ìlànà wọn ni pé kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n bó o, kí wọ́n dì í nílé kí wọ́n tó tà á, wọ́n sì ti kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fún un ní Glo-Djigbé tí kò jìnnà sí Kútọnu. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba tiwa náà kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó èso ẹ̀mí tútù, èyí tí a fi ń ṣe òrí, jáde fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀mí ń bẹ nínú igbó wa, kajú ń bẹ nínú oko wa. Bí ìjọba méjèèjì bá ń sọ pé kí á ṣe é nílé kí á tó tà á, ta ni nínú wa ni ó mọ bí a ṣe ń ṣe é? Ọmọ wa tí ó wà ní Benin lè lọ wò ó. Kí ó wo bí wọ́n ṣe ń ya èyí tí ó dára sọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń sá a, iye omi tí wọ́n ń fẹ́ kí ó kù nínú rẹ̀, àti bí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń ná owó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Parakou wà bí tiwa. Iṣu ni wọ́n ń gbìn, àgbàdo ni, ọkà bàbà ni. Ìmọ̀ tí wọ́n fi tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe yóò bá ilẹ̀ wa mu ju èyí tí wọ́n kọ́ ní ìlú òtútù lọ. Ìmọ̀ràn wa fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ní Benin tàbí ní Ìlú Ọba, ni pé nígbà tí ó bá tó àkókò láti kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn bóyá wọ́n lè kọ ọ́ lórí ìṣòro ilé. Bí olùkọ́ bá gbà, òbí àti ẹgbẹ́ lè fi ohun tí wọ́n mọ̀ nípa oko àti ọjà ràn wọ́n lọ́wọ́.

ẸGBẸ́ NI Ó Ń GBÉ ÀLEJÒ RÓ

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo kò lè dá òkèèrè jà. Ní ọdún 1922, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé kì í fún ènìyàn dúdú ní yàrá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Kò dúró síbẹ̀. Láti ọdún 1929 sí 1932 ó rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kiri, ó ń kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ọba, oníṣòwò àti mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1933 wọ́n ṣí ilé tiwọn ní Camden ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti lè rí ibùsùn, oúnjẹ, àti ẹni tí yóò sọ fún un bí ìlú ṣe rí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ni a ń pe èyí bí kì í bá ṣe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe? Owó kékeré láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣí ilé tí ẹnìkan kò lè dá ṣí.

ÀJÒ KÒ DÙN KÍ ONÍLÉ MÁ RELÉ

Bí ọmọ bá sì ti kàwé tán, kí ni kí ó gbé bọ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1923. Ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, ì bá ti ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìlú Ọba, kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá yàrá fún àwọn aláìsàn ní àwọn abúlé tí ó yí Aro ká, ẹbí aláìsàn ń bá a gbé níbẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ ilé, ó sì ń wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá sí iṣẹ́ náà. Àwọn dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tí ó sì yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé ẹ̀kọ́ òyìnbó nìkan kọ́ ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ó mọ ilé dáadáa, èyí ni ó jẹ́ kí ó mọ ohun tí yóò mú nínú ẹ̀kọ́ òkèèrè àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò bá dé oko rí, tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, tí kò mọ iye tí a ń ta àpò àgbàdo, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n kí ó tó lọ.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Rochdale ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844 kò fi ọjà títà nìkan ṣe iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń yọ 2½ nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Títí di òní, ẹ̀kọ́ wà lára ìlànà gbogbo ẹgbẹ́ wa. Nítorí náà a dá àbá mẹ́rin, kí ẹ gbé wọn yẹ̀wò ní ìpàdé yín:

Èkíní, kí ìgbìmọ̀ má ṣe fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ òkèèrè títí òbí yóò fi mú ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí a kọ sókè yìí wá ní kíkọ. Ààbò òbí ni, ààbò onídùúró sì ni pẹ̀lú.

Èkejì, kí a máa san owó náà ní sáà sáà, kí ó má jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìwé ìròyìn sáà kan bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́, kí owó sáà tí ó tẹ̀ lé e jáde.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ máa kọ lẹ́tà kan sí ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ó sọ ohun kan tí ó rí níbẹ̀ tí ó lè wúlò fún wa, kí akọ̀wé sì kà á ní ìpàdé. Lẹ́tà yìí yóò mú kí ọmọ la ojú rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ẹni tí kò bímọ ránṣẹ́ sí òkèèrè rí èrè nínú owó ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa tí ó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ lè mọ ẹni tí yóò pàdé. Èyí kò ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

A kò sọ pé ọ̀nà yìí yóò mú gbogbo ewu kúrò. Náírà lè tún wó, òfin lè tún yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè kí ó tó san, tí ó ṣírò kí ó tó yá, tí ó sì fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ tí yóò jẹ́ wá, kò ní gba bébà lásán. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé yín tí ó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ibi gbogbo tí wọ́n wà, kí ó sì mú wọn bọ̀ wálé pẹ̀lú èrè. Àṣẹ.